Ọmọ wa fẹ́ ṣe dókítà: níbo la ó ti rówó?

Ìbéèrè: Ọmọ wa ń ṣe bákì lọ́dún yìí. Dókítà ló fẹ́ dà. Iṣu àti kajú la ń tà. Báwo la ó ṣe sanwó ẹ̀kọ́ rẹ̀? (Ìyá kan, Savalou)

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, Ìyá wa. Ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn ìjọba wà ní Kútọnu àti Parakou. Ibẹ̀ ni kó kọ́kọ́ du. Àwọn tí máàkì bákì wọn ga jù ni ìjọba ń ràn lọ́wọ́. Àwọn mìíràn ń sanwó fúnra wọn. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kó ráyè kàwé. Tí èsì bá ti jáde, kó tètè yan ẹ̀kọ́ rẹ̀ lórí apresmonbac.bj. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ẹ̀kọ́ náà, ilé àti oúnjẹ a sì máa gbówó. Ẹ bẹ̀rẹ̀ àjọ nígbà títà kajú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ta ilẹ̀.