Mẹ́ta ni wọ́n, òkè kan ṣoṣo ni mo ń rí

Ìbéèrè: Mo ń ṣe ìwádìí fún oyè másítà nínú kẹ́mísìrì. Tryptophan, tyrosine àti phenylalanine ló wà pọ̀ nínú omi tí mo ń yẹ̀ wò. Bí mo bá tan iná ultraviolet sí i, gbogbo wọn ló ń tàn, àmọ́ ìmọ́lẹ̀ wọn gun ara wọn, òkè kan ṣoṣo ló sì ń hàn lójú kọ̀ǹpútà. Ẹnìkan ní kí n ra kọ́lọ́ọ̀mù tí yóò yà wọ́n. Owó rẹ̀ kò sí. Ẹlòmíràn ní ìṣirò tó. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Òótọ́ ni, àbúrò mi, má ra nǹkan kan. Iná kan ṣoṣo tí ò ń tàn ló kó bá ọ. Ní 275 nánómítà, tyrosine máa ń tàn nítòsí 303, tryptophan nítòsí 350, èjìká wọn á wọnú ara wọn. Phenylalanine ò tilẹ̀ ní dá ọ lóhùn dáadáa; nǹkan bíi 257 ló fẹ́, kí ó tó tàn nítòsí 282. Nítorí náà, máa yí iná náà díẹ̀díẹ̀ láti 240 dé 300, kí o sì máa ka ìmọ́lẹ̀ tó ń jáde láti 250 dé 450. Ìgò kan á fún ọ ní odidi tábìlì kan. Ṣe ìgò márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí o to tábìlì wọn léra bí ojú ìwé.

Èròjà kan kì í pààrọ̀ ìrísí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ nítorí iná tí a tàn sí i. Gíga rẹ̀ nìkan ló ń yí. Orí èyí ni ìṣirò tí à ń pè ní PARAFAC dúró lé. Richard Harshman ló gbé e jáde ní 1970, inú àkójọ iṣẹ́ àwọn onímọ̀ ìró ohùn ní Los Angeles ló sì wà, kì í ṣe ti àwa oníkẹ́mísìrì! Rasmus Bro ní Copenhagen wà lára àwọn tó mú un wọ ọjà wa.

Kí ló dé tí tábìlì kan kò tó? Bí mo bá ní 12 ni ìdáhùn, ṣé 3 lọ́nà 4 ni mo ṣe, àbí 2 lọ́nà 6? Tábìlì púpọ̀ tí ìwọ̀n èròjà wọn yàtọ̀ ló ń dí àwọn ọ̀nà yòókù. Ṣùgbọ́n má kàn bu omi la ìgò kan náà o. Èròjà dà bí ìlù: bí ìyáàlù àti gúdúgúdú bá jọ ń ròkè, tí wọ́n jọ ń rọlẹ̀, PARAFAC kò ní mọ èwo ni èwo.

Wàá rí òkè tóóró kan tó dábùú tábìlì náà, níbi tí iná tí o tàn àti èyí tí o kà ti dọ́gba. Iná tó kàn ta padà ni. Gé e kúrò, fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. Má kọ òdo síbẹ̀. Èyí tó burú jù ni ìmọ́lẹ̀ Raman tí omi fúnra rẹ̀ ń ta padà: bí o bá tan 275, nǹkan bíi 303 ló ń bọ́ sí, lórí tyrosine gan-an. Ka omi lásán, kí o yọ ọ́ kúrò.

Má sì jẹ́ kí omi inú ìgò ki jù. Ọjọ́ méjì ni mo fi bú ẹ̀rọ wa nígbà kan, torí pé bí mo ṣe ń fi kún èròjà ni ìmọ́lẹ̀ ń dín kù. Èròjà náà ló ń gbé ìmọ́lẹ̀ ara rẹ̀ mì. Jẹ́ kí absorbance wà lábẹ́ 0.1.

Àwọn ará Copenhagen ti wọn èròjà mẹ́ta wọ̀nyí nínú ìgò márùn-ún, wọ́n sì fi dátà rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Fi ìyẹn kọ́ ọwọ́ ná. Nígbà tí o bá dé orí tìrẹ, fi ìgò kan tí o mọ ìwọ̀n ohun tó wà nínú rẹ̀ sí i, torí ìpín ni PARAFAC ń sọ, kì í sọ míligíráàmù.