Láti Ahéré dé Ahéré: Ìmúra fún Òkè Kilimanjaro lójú Ọ̀nà Marangu

Chappal Waddi ní ìpínlẹ̀ Tàrábà ni òkè tó ga jù lọ ní Nàìjíríà, mítà 2,419 ni gíga rẹ̀. Ẹni tó bá gba ọ̀nà Marangu gun Kilimanjaro ní ilẹ̀ Tanzania yóò ti ga ju bẹ́ẹ̀ lọ kí ilẹ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́ tó ṣú, nítorí pé nǹkan bíi mítà 2,700 ni ahéré Mandara wà, níbi tí yóò sùn. Uhuru, ṣóńṣó òkè náà, wà ní mítà 5,895. Ọ́síjìn tí èèyàn ń mí sínú níbẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má ju ìdajì èyí tó ń mí sínú l'Ékòó. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹni tó ń gbèrò àtilọ fi sọ́kàn kó tó ronú kan bàtà tàbí aṣọ òtútù nìyí: agbára ẹsẹ̀ dára, ṣùgbọ́n iye òru tí ẹ bá sùn lórí òkè ló máa sọ bóyá ẹ ó débẹ̀.

Ọ̀nà tó gun Kilimanjaro pọ̀, àmọ́ Marangu nìkan ló ní ilé tí a lè sùn sí. Lójú ọ̀nà Machame àti Lemosho, inú àgọ́ aṣọ ni gbogbo òru. Ahéré mẹ́ta ló wà ní Marangu: Mandara nínú igbó, Horombo ní mítà 3,720, àti Kibo ní nǹkan bíi mítà 4,700. Ilé pákó kéékèèké ni ti Mandara àti Horombo, òrùlé wọn dà gẹ̀rẹ̀ dé nítòsí ilẹ̀, tìmùtìmù wà lórí bẹ́ẹ̀dì, iná tí oòrùn ń gbé sì wà nínú yàrá. Ilé olókùúta ni Kibo ní tirẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń sùn pa pọ̀ nínú yàrá kan. Nítorí òrùlé àti bẹ́ẹ̀dì yìí làwọn kan ṣe ń pe Marangu ní ọ̀nà Coca-Cola, wọ́n ní ó rọrùn. Orúkọ yẹn ti tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ.

Àwọn dókítà tó mọ̀ nípa òkè gíga a máa gbani níyànjú pé bí èèyàn bá ti kọjá mítà 3,000, kí ibi tó máa sùn lálẹ́ òní má fi ju mítà 500 lọ ga ju ibi tó sùn lánàá. Ẹ wá wo Marangu. Láti Mandara dé Horombo, mítà 1,000 ni. Láti Horombo dé Kibo, mítà 1,000 mìíràn. Ẹni tó gbé àgọ́ aṣọ lè pa á sí àárín ọ̀nà, ẹni tó ń sun ahéré kò lè gbé ilé sún. Òru nìkan ló lè fi kún un. Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ̀ yín pé kí ẹ má ra ètò ọlọ́jọ́ márùn-ún, bó ti wù kó dínwó tó. Ti ọlọ́jọ́ mẹ́fà ni kí ẹ rà, èyí tó máa jẹ́ kí ẹ sun Horombo lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó gòkè lọ sí Kibo. Lọ́jọ́ àárín yẹn, afinimọ̀nà yóò mú yín dé Zebra Rocks ní nǹkan bíi mítà 4,000, àpáta gbàǹgbà tí ìlà dúdú àti funfun fà wálẹ̀ lára rẹ̀, ẹ ó sì padà wá sùn sísàlẹ̀. Àwọn kan máa ń wo ọjọ́ yìí bí ọjọ́ òfo. Òun gan-an ni ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ àti èémí yín ń kọ́ iṣẹ́ tí wọ́n máa ṣe lókè.

Ẹni tó bá tún ráyè jù bẹ́ẹ̀ lọ lè kọ́kọ́ gun òkè Meru, lẹ́bàá ìlú Arusha. Mítà 4,566 ni, ó ní ahéré tirẹ̀: Miriakamba, lẹ́yìn náà Saddle Hut ní nǹkan bíi mítà 3,570. Ẹ̀ṣọ́ tó gbébọn dání ló ń bá àwọn arìnrìn-àjò rìn níbẹ̀ nítorí ẹfọ̀n, àgùnfọn sì máa ń jẹ ewé igi lẹ́bàá ọ̀nà. Kí èèyàn sọ̀ kalẹ̀ láti Meru, kó sinmi ọjọ́ kan, kó wá kọjá sí Kilimanjaro: nínú gbogbo ètò tó wà, èyí ló wù mí jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó gbówó lórí.

Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ wo jẹnotáìpù yín. Ẹni tó bá jẹ́ SS tàbí SC kò gbọdọ̀ dán òkè yìí wò, torí pé àìtó ọ́síjìn ló ń dá ìrora sílẹ̀ fún wọn. Èyí tí ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀ ni pé kí AS náà rí dókítà kó tó lọ. Kì í ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ jù lọ wọn, àmọ́ ọlọ inú AS lè bàjẹ́ níbi tó ga tó bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá jẹ́ AS, tí abẹ́ ìhà òsì wá ń dùn yín gan-an lórí òkè, ẹ má pè é ní inú rírun. Ẹ sọ fún afinimọ̀nà, kí ẹ sì máa sọ̀ kalẹ̀. Oògùn Diamox máa ń jẹ́ kí òkè tètè mọ́ni lára, ṣùgbọ́n mọ̀lẹ́bí sulfa ni. Ẹni tí Fansidar tàbí Septrin máa ń bá jà kò gbọdọ̀ fi èyí pa mọ́ fún dókítà.

Orí fífọ́, èébì àti kí oúnjẹ máa kọni ni àìsàn òkè fi ń bẹ̀rẹ̀. Bí kò bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ dúró níbi tí ẹ wà títí yóò fi lọ. Àmọ́ bí ẹnì kan bá ń ta gbọ̀ngbọ́n bí ọ̀mùtí, ẹ ní kó máa fi gìgísẹ̀ kan ọmọ ìka ẹsẹ̀ rìn lórí ìlà kan tó tọ́. Bí kò bá lè ṣe é, omi ti ń kún ọpọlọ rẹ̀. Ẹni tó ń mí gúlegúle lórí ìjókòó, tó ń wúkọ́, tí itọ́ rẹ̀ ń hó, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ni omi wà. Kí wọ́n máa gbé e sọ̀ kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ì báà jẹ́ ọ̀gànjọ́ òru, ni ìtọ́jú àkọ́kọ́ fún méjèèjì. Kò sí ìdúnàádúrà nínú èyí, kódà bí ẹni náà bá ń yarí pé ara òun le.

Òfin ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gun Kilimanjaro láìsí afinimọ̀nà tó ní ìwé àṣẹ. Ilé-iṣẹ́ tí ẹ bá yàn ni yóò gba bẹ́ẹ̀dì fún yín lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ ọgbà ìjọba tí òkè náà wà nínú rẹ̀, nítorí náà ẹ tètè bá wọn sọ̀rọ̀. Iye tí ọgbà ti ń gbà lọ́wọ́ àgbàlagbà tó wá láti òkèèrè ni 70 dọ́là lójúmọ́, 60 dọ́là fún òru kọ̀ọ̀kan nínú ahéré, àti 20 dọ́là nítorí pàjáwìrì, kí wọ́n tó fi owó orí ọjà lé e. Ẹ béèrè bóyá ó ti yí padà. Pẹ̀lú iye yìí, ọjọ́ mẹ́fà àti òru márùn-ún ti jẹ́ 740 dọ́là kí ẹnikẹ́ni tó dáná, kò sì sí ilé-iṣẹ́ tó lè dín in. Bí ẹnì kan bá wá ń polówó ètò yìí ní pọ́ọ́kú, ẹ mọ̀ pé ara àwọn aláàárù ló ti fẹ́ yọ ọ́.

Àwọn ọkùnrin àti obìnrin yìí ló ń ru báàgì yín, gáàsì, ìkòkò, ẹyin àti omi gòkè. Kìlógíráàmù 20 ni kí ẹrù ẹnì kan má jù, wọ́n sì máa ń wọ̀n ọ́n lẹ́nu géètì. Kí tiyín má ju 15 lọ. Ẹ bi ilé-iṣẹ́ náà ní ìbéèrè tààrà: èló ni aláàárù ń gbà lójúmọ́? Ẹ̀ẹ̀melòó ló ń jẹun? Ṣé ẹ fún un ní bàtà tó dáa? Ní ìlú Moshi, àjọ Kilimanjaro Porters Assistance Project máa ń tọpa bí àwọn ilé-iṣẹ́ ṣe ń tọ́jú àwọn aláàárù wọn, ẹ sì lè wo orúkọ àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́. Ẹ ṣẹ́ owó wẹ́wẹ́ lọ́wọ́ fún ẹ̀bùn ìdágbére, kí ẹ fi fún wọn níṣojú gbogbo wọn. Bí ẹ bá sì pàdé àgbàlagbà lọ́nà, ẹ kí i ní “Shikamoo.” Wọn kì í fojú kékeré wo ìkíni níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bíi tiwa.

Ní ti ìwé ìrìnnà, ẹ bẹ̀rẹ̀ físà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní kùtùkùtù, kí ẹ sì gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú ó kéré tán ọjọ́ mẹ́wàá kí ẹ tó gbéra, torí wọ́n máa béèrè yẹ́lò káàdì lọ́wọ́ ẹni tó ti Nàìjíríà wá. Addis Ababa tàbí Nairobi lẹ lè gbà dé pápákọ̀ òfuurufú Kilimanjaro. Kí ìwé adójútòfò yín kọ ọ́ pé ó bo gígun òkè dé mítà 6,000. Ẹ má kó ẹrù sínú ọ̀rá ìràjà, Tanzania ti fòfin dè é láti ọdún 2019. Oṣù Kíní sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹta, àti oṣù Kẹfà sí Kẹwàá, ni òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ rọ̀.

Aṣọ òwú kò dára lókè, nítorí bí òógùn bá ti rin ín, kì í tètè gbẹ, òtútù á sì wọra. Èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń tètè gbẹ ni kó kan ara, súwẹ́tà lé e, kí jákẹ́ẹ̀tì tí afẹ́fẹ́ àti òjò kò lè wọ̀ bo gbogbo rẹ̀. Ẹ lè yá àpò ìsùn àti jákẹ́ẹ̀tì ńlá ní Moshi. Bàtà nìkan ni kí ẹ má yá. Ẹ rà á ní oṣù mélòó kan ṣáájú, kí ẹ wọ̀ ọ́ gun àtẹ̀gùn òkè Ìdànrè, tó lé ní 600, títí yóò fi mọ́ ẹsẹ̀. Ẹ̀yin obìnrin, ẹ di kólẹ́sẹ̀ kí ẹ tó lọ. Bí ẹ bá di ṣùkú, fìlà òtútù kò ní bo etí.

Ọjọ́ kìíní jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 8 nínú igbó ọ̀rinrin, níbi tí ọ̀bọ onírun dúdú àti funfun ti ń fò láti igi dé igi. Lọ́jọ́ kejì, igi á máa kúrú títí á fi ku koríko àti igbó ṣákálá. Láàárín Horombo àti Kibo, ẹ ó kọjá lórí pẹ̀tẹ́lẹ̀ gbígbẹ, òkè Mawenzi lápá kan, òkè Kibo tí ẹ fẹ́ gùn lápá kejì. Omi tí a ń pọn lójú ọ̀nà parí síbẹ̀. Gbogbo omi tí ẹ bá mu ní ahéré Kibo, èèyàn ló rù ú dé, ẹ má fi ṣan ẹsẹ̀. Oúnjẹ á máa kọ̀ yín nígbà yẹn, nítorí náà ẹ mú ohun tí ẹnu yín mọ̀ dání: kúlíkúlí, ṣinṣín, ata gígún díẹ̀ tí ẹ máa bù sínú ọbẹ̀ wọn.

Ní ahéré Kibo, wọ́n máa jí yín ní nǹkan bí aago mọ́kànlá alẹ́. Tíì àti bisikíìtì, tọ́ọ̀ṣì lórí, ó di ọ̀nà. Ilẹ̀ òkúta wẹ́wẹ́ ni, ẹsẹ̀ ń yọ̀ padà bí ẹ ṣe ń gbé e, afinimọ̀nà á sì máa wí pé “pole pole,” ẹ rọra. Kí ẹsẹ̀ yín máa lọ díẹ̀díẹ̀ débi tí ẹ fi lè bá ara yín sọ̀rọ̀ láìmí hẹlẹ. Ẹ da orí ìgò omi kodò nínú báàgì, torí òkè omi ló ń kọ́kọ́ dì. Ẹ fi fóònù sí àyà, lábẹ́ aṣọ, kí òtútù má gba bátìrì rẹ̀. Ihò Hans Meyer, tí wọ́n fi orúkọ ará Jámánì tó dé ṣóńṣó pẹ̀lú Ludwig Purtscheller ní ọdún 1889 pè, ni ibi ìsinmi láàárín ọ̀nà. Gilman's Point, ní nǹkan bíi mítà 5,685, ni ẹ ó ti máa rí oòrùn tó ń yọ, ìwé ẹ̀rí sì wà fún ẹni tó bá dé ibẹ̀. Uhuru ṣì kù bíi wákàtí méjì. Ní Gilman's Point ni kí ẹ bi ara yín bóyá okun tó kù tó láti padà, nítorí ọjọ́ kan náà lẹ máa sọ̀ kalẹ̀ dé Kibo, tí ẹ ó tún rìn dé Horombo kí ẹ tó sùn.

Ẹ gé èékánná ẹsẹ̀ yín kúrú kí ẹ tó kúrò nílé, torí ìsọ̀kalẹ̀ ló ń pa á dúdú. Ọjọ́ tó kẹ́yìn jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 20 láti Horombo dé géètì, orúnkún á sì fẹ́ ọ̀pá. Ẹ má ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú sí alẹ́ ọjọ́ yẹn. Ẹ sun Moshi, lábẹ́ àwọ̀n ẹ̀fọn, kí ẹ sì lo oògùn ibà yín tán bí dókítà ṣe kọ ọ́.