Ẹ̀kọ́ fún Àwọn Òbí: Ọmọ Kékeré ní Àkókò Òjò Àkọ́rọ̀

Kí ọkọ àti aya jọ ka ẹ̀kọ́ yìí, kí wọ́n sì jọ dáhùn àwọn ìbéèrè tí ó wà ní ìsàlẹ̀.

1. Ní ilẹ̀ òkèèrè níbi tí òtútù gbé ń mú púpọ̀, inú àwọn ènìyàn a máa dùn nígbà tí ìgbà ìrúwé bá dé, nítorí pé yìnyín ti yọ́, igi ti rúwé, àwọn ọmọdé sì lè jáde lọ ṣeré. Àwa tí a ń gbé ní Otokiti, nínú ìlú Lọ́kọ́jà, kò mọ yìnyín, ṣùgbọ́n a ní àkókò kan tí ó jọ èyí. Òun ni ìgbà tí ooru oṣù kẹta ń lọ sí òpin, tí òjò àkọ́rọ̀ sì ń bẹ̀rẹ̀. Koríko tí ó ti gbẹ a tún yọ. Máńgòrò a máa já lulẹ̀ nígbà tí ìjì bá jà, kí ilẹ̀ sì tó mọ́, àwọn ọmọ ti wà lábẹ́ igi. Ní alẹ́, èsunsun a máa fò yí iná ká, àwọn ọmọ a sì máa fi abọ́ omi kó wọn. Ayọ̀ ni fún gbogbo ilé.

2. Ṣùgbọ́n àkókò yìí kan náà ni àwọn ọmọ wa kéékèèké máa ń ṣàìsàn jù. Òjò tí ó ń mú kí àgbàdo hù náà ni ó ń gbá ẹ̀gbin ojúde lọ sínú kànga. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ẹ̀kọ́ wa dá lé lórí: ohun tí ń dá ẹ̀mí ọmọ kékeré sí kì í sábà jẹ́ ohun ńlá tí a ṣe lẹ́ẹ̀kan nígbà tí ọ̀ràn ti burú, bí kò ṣe ohun kékeré tí òbí mọ̀, tí ó sì ń ṣe lójoojúmọ́.

ẸLẸ́RÌÍ LÁTI ORÍ ODÒ WA

3. A kò ní láti lọ jìnnà kí a tó rí ẹlẹ́rìí. Ní ọdún 1841, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán ọkọ̀ ojú omi mẹ́ta gòkè odò Ọya wá sí ìhà ìdàpọ̀ odò wa yìí. Samuel Àjàyí Crowther bá wọn wá. Àwọn òyìnbó tí ó wà nínú ọkọ̀ jẹ́ 145. Ibà mú 130 nínú wọn, àwọn tí ó sì kú lé ní 40. Wọ́n ní owó, wọ́n ní dókítà, ọkọ̀ wọn sì jẹ́ titun. Síbẹ̀ gbogbo rẹ̀ kò gbà wọ́n.

4. Ní ọdún 1854, ọkọ̀ mìíràn tí a ń pè ní Pleiad tún gòkè odò náà wá, Dókítà Baikie ni olórí rẹ̀. Crowther tún wà níbẹ̀. Wọ́n lo nǹkan bí oṣù mẹ́rin lórí omi, òyìnbó kan kò sì kú. Kí ni ó fa ìyàtọ̀? Baikie mú kí wọ́n máa lo kínínì lójoojúmọ́, kí ibà tó dé. Wọn kò tilẹ̀ tí ì mọ̀ nígbà náà pé ẹ̀fọn ni ó ń gbé ibà kiri. Ọdún 1897 ni Ronald Ross tó rí i dájú ní ilẹ̀ Íńdíà pé kòkòrò ibà ń gbé inú ẹ̀fọn. A kò sọ ìtàn yìí kí ẹnikẹ́ni má bàa lọ máa fún ọmọ rẹ̀ ní kínínì lójoojúmọ́ o. A sọ ọ́ kí a lè rí i pé ohun kékeré tí a kò dáwọ́ rẹ̀ dúró ni ó ṣe ohun tí owó àti ọkọ̀ ńlá kò lè ṣe.

NÍGBÀ TÍ OORU BÁ MÚ

5. Ìlú wa wà láàárín òkè àti odò, ooru rẹ̀ ní oṣù kejì àti oṣù kẹta a sì máa kọjá ìwọ̀n 35 ti Celsius. Bí ọmọ ọwọ́ bá wà nínú ilé, ìyá àgbà lè wí pé, "Ẹ fún ọmọ yìí lómi, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́." Ìfẹ́ ni ó mú un sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n omi ọmú fúnra rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá rẹ̀ ni omi. Ọmọ tí kò tí ì pé oṣù mẹ́fà kò nílò omi mìíràn, bí ó ti wù kí ooru mú tó. Kí a sáà máa fún un lọ́mú léraléra, lọ́sàn-án àti lóru. Omi tí a bá fi kún un a máa kún ikùn rẹ̀ kí ó má lè mu ọmú yó, bí omi náà kò bá sì mọ́, àrùn ni ó ń gbé wọlé. Kí ọkọ fi sùúrù àti ọ̀wọ̀ ṣàlàyé èyí fún ìyá rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé aya ni ó sọ ọ́, a lè kà á sí àfojúdi, ìjà yóò sì bọ́ sínú ilé.

6. Àwọn tí ó ti ju oṣù mẹ́fà lọ gbọ́dọ̀ máa mu omi mímọ́ nígbà gbogbo, àní bí wọn kò bá tilẹ̀ bèèrè, nítorí ọmọ tí ó ń ṣeré kì í rántí òùngbẹ. Ẹ má ṣe fi aṣọ tí ó nípọn wé ọmọ. Ẹ má ṣe kó ènìyàn púpọ̀ jọ sùn sínú yàrá kan tí a ti fèrèsé rẹ̀ pa, nítorí àkókò ooru ni àrùn yínrùnyínrùn tí ń mú ọrùn gan máa ń ràn. Ní ọdún 1996, ó mú ènìyàn tí ó ju 100,000 lọ ní Nàìjíríà, ó sì pa àwọn tí ó ju 11,000 lọ. Bí ara ọmọ bá gbóná gan-an, tí ó ń bì, tí ọrùn rẹ̀ le, tàbí tí ibi rírọ̀ àtàrí rẹ̀ wú sókè, ẹ má ṣe dúró di ọ̀la; ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Ẹ yẹ káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ wò pẹ̀lú. Abẹ́rẹ́ èèyi wà fún oṣù kẹsàn-án, ó sì tún wà fún oṣù kẹẹ̀ẹ́dógún. Ọ̀pọ̀ òbí a máa gba ti àkọ́kọ́, wọn a sì gbàgbé èkejì.

NÍGBÀ TÍ ÒJÒ BÁ BẸ̀RẸ̀

7. A kò ní kí ẹ lé ọmọ kúrò nínú òjò. Àwa náà ti jó nínú rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n gbogbo ìdọ̀tí tí ó ti kó jọ láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni òjò àkọ́kọ́ ń gbá lọ sínú kànga àti odò. Ẹ jẹ́ kí òjò fọ òrùlé dáadáa kí ẹ tó gbé garawa sí abẹ́ rẹ̀. Ẹ se omi tí ọmọ yóò mu, kí ẹ sì bò ó. Ẹ fọ máńgòrò kí ó tó kan ẹnu, ẹ sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kí ẹ tó bọ́ ọmọ àti lẹ́yìn tí ẹ bá nu ìdí rẹ̀.

8. Èmi tí mò ń kọ ẹ̀kọ́ yìí kì í ṣe ẹni tí kò ṣìṣe rí. Ọmọ wa ọkùnrin jẹ́ ọmọ oṣù mẹ́rìnlá nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ ní òru ọjọ́ kan. Ní òwúrọ̀, ó ya ìgbẹ́ olómi lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá rẹ̀ ní ẹrù tí yóò gbà ní ọjà Kpata. Èmi ní ìpàdé ní ọ́fíìsì. A fi ọmọ sílẹ̀ fún àbúrò ìyàwó mi, ọmọdébìnrin kan tí ó ń gbé ọ̀dọ̀ wa. A ní kí ó tọ́jú rẹ̀, ṣùgbọ́n a kò sọ bí yóò ti ṣe é. Ọmọ náà ti gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà pé bí ìgbẹ́ gbuuru bá ń ṣe ọmọ, kí a má fún un lómi, nítorí omi náà ni ó ń di ìgbẹ́. Nítorí ìfẹ́ ni ó ṣe fi omi dù ú láti òwúrọ̀. Nígbà tí mo wọlé ní agogo mẹ́rin, ojú ọmọ ti jìn, ètè rẹ̀ ti gbẹ, ó ń sunkún láìsí omijé.

9. Aládùúgbò wa, ìyá kan tí í ṣe ará Ebira, gbọ́ igbe mi. Kò bá mi wí. Ó po omi, ṣúgà àti iyọ̀, ó mú ṣíbí, ó sì ń fún ọmọ ní díẹ̀díẹ̀ títí a fi gbé e dé ilé ìwòsàn. Ẹni tí ó gbà á níbẹ̀ wí fún mi pé omi orí ṣíbí yẹn ni ó bá wa dá a dúró. Lónìí ọmọ náà ti ń lọ sí ilé-ìwé. Ṣùgbọ́n n kò gbàgbé pé ẹ̀bi náà kì í ṣe ti ọmọdébìnrin yẹn. Tiwa ni, àwa tí a fi iṣẹ́ lé e lọ́wọ́ láìfi ìmọ̀ lé e lọ́wọ́.

10. Bí a ti ń po ó nìyí, kí ẹ kọ ọ́ sí ara ògiri. Omi mímọ́ lítà kan, èyí tí í ṣe ọ̀rá omi 50cl méjì. Ṣúgà, ṣíbí ìpo tíì 6. Iyọ̀, ìdajì ṣíbí náà. Kí ṣíbí má ṣe ga lórí. Ẹ fi ọ̀bẹ gé e dọ́gba. Ẹ kọ́kọ́ tọ́ ọ wò: bí iyọ̀ rẹ̀ bá ju ti omijé lọ, ẹ dà á nù, kí ẹ tún òmíràn po. Ẹ máa fún ọmọ ní díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn ìgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá bì í, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ẹ má ṣe gba ọmú tàbí oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀. Èyí tí ó bá kù di ọjọ́ kejì, ẹ dà á nù. Bí ẹ bá ní ORS inú ọ̀rá nílé, òun ni ó dára jù, kí ẹ sì bèèrè oògùn zinc ní ilé ìwòsàn. Ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá ni a ń lò ó. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, tí ojú ọmọ jìn, tàbí tí kò lè mu ohunkóhun mọ́, ẹ má ṣe jókòó sílé.

11. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fojú kéré omi yìí. Ní ọdún 1971, nígbà ogun Bangladesh, àrùn onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn tí ogun lé kúrò nílé. Omi abẹ́rẹ́ tí a ń fà sí iṣan tán lọ́wọ́ Dókítà Dilip Mahalanabis. Ó wá po iyọ̀ àti ṣúgà glucose mọ́ omi, ó sì ní kí àwọn ìyá àti ẹbí fúnra wọn máa fún àwọn aláìsàn mu. Níbi tí nǹkan bí 30 nínú ọgọ́rùn-ún ti ń kú tẹ́lẹ̀, àwọn tí ó ń kú kò tó 4 mọ́. Ọwọ́ ìyá ni ó ṣe iṣẹ́ náà.

12. Òjò a máa mú ẹ̀fọn wá pẹ̀lú. Nínú gbogbo àwọn tí ibà ń mú ní ayé, ẹnì kan nínú mẹ́rin jẹ́ ará Nàìjíríà, àwọn ọmọ tí kò tó ọdún márùn-ún ni ó sì ń pa jù. Ẹ da omi inú agolo àti táyà nù. Ẹ ta nẹ́ẹ̀tì sórí ọmọ ní gbogbo òru, ìbáà jẹ́ pé ooru mú. Bí ara rẹ̀ bá gbóná, ẹ jẹ́ kí a yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò lọ́jọ́ náà. Ẹ má ṣe fi agbo dán an wò di ọjọ́ kẹta.

TA NI YÓÒ ṢE É?

13. Oníṣòwò lè wí pé, "Bí n kò bá lọ sọ́jà, kí ni a ó jẹ?" Òṣìṣẹ́ ìjọba lè wí pé, "Ọ̀gá mi kò mọ̀ pé òjò rọ̀." Òótọ́ ni. Àwa tí a kúrò nílé wá sí ìhín kò sì ní ìyá àgbà nítòsí tí yóò dúró ti ọmọ. Ohun mẹ́ta ni a lè ṣe. Èkíní, kí a kọ́ ẹni tí a ń fi ọmọ sílẹ̀ fún. Kì í ṣe kí a sọ fún un nìkan, kí ó po omi náà níṣojú wa. Èkejì, kí bàbá gba iṣẹ́ kan tí yóò jẹ́ tirẹ̀, bí omi sísè ní òwúrọ̀ tàbí nẹ́ẹ̀tì títa ní alẹ́. Ẹ̀kẹta, kí a mọ àwọn aládùúgbò wa, ìbáà ṣe Ebira, Igala, Nupe tàbí Oworo, kí a sì jẹ́ kí wọ́n mọ àwọn ọmọ wa. Ẹni tí ó súnmọ́ni ni ará ilé ẹni lọ́jọ́ ìṣòro.

14. Èrè mìíràn sì wà nínú rẹ̀. Bàbá tí ó bá ń ta nẹ́ẹ̀tì fún ọmọ rẹ̀ lálaalẹ́ yóò gbọ́ ohun tí ọmọ rí lójúmọ́ náà: iye máńgòrò tí ó ṣà, ẹni tí ó bá jà, ohun tí ń bà á lẹ́rù. Yóò lè pa àlọ́ kan fún un ní èdè Yorùbá kí oorun tó gbé e lọ. Ọ̀pọ̀ wa ń ṣiṣẹ́ títí alẹ́ nítorí àwọn ọmọ tí a kò mọ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni nẹ́ẹ̀tì ń gbà. Ẹ má ṣe fi rán ẹlòmíràn.

15. Ẹ̀yin ará, òjò ti ṣú ní ìhà òkè Patti. Kí ó tó rọ̀, ẹ wo inú ilé yín: ṣé ṣúgà àti iyọ̀ wà? Ṣé nẹ́ẹ̀tì kò ya? Ṣé ẹni tí ó wà lọ́dọ̀ ọmọ mọ ohun tí yóò ṣe? Kí òjò ọdún yìí bá wa ní ayọ̀, kí a má sì fi ẹkún pàdé rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ

1. Kí ni ó fa ìyàtọ̀ láàárín ọdún 1841 àti 1854 lórí odò wa?
2. Èé ṣe tí ọmọ tí kò tí ì pé oṣù mẹ́fà kò fi nílò omi nígbà ooru, ta ni ó sì yẹ kí ó ṣàlàyé rẹ̀ fún ìyá àgbà?
3. Báwo ni a ti ń po omi oníyọ̀ àti ṣúgà? Kí ẹnì kan nínú ilé pò ó kí gbogbo yín rí i.
4. Iṣẹ́ wo ni bàbá yóò gbà ní ilé yín láti alẹ́ òní lọ?