Orí Karùn-ún: Ọ̀sà, Yanrìn àti Òkun ní Àgbádárìgì

Àgbádárìgì wà ní ìwọ̀-oòrùn ìpínlẹ̀ Èkó, lójú ọ̀nà tó lọ sí ẹnubodè Sèmè. Àwọn Ògù, tí ọ̀pọ̀ Yorùbá ń pè ní Ẹ̀gùn, ló ni ìlú náà. Ọ̀sà wà níwájú ìlú, Gberefu, ilẹ̀ tóóró kan, wà ní òdìkejì ọ̀sà, ẹ̀yìn Gberefu sì ni òkun.

Báwo ni ilẹ̀ tóóró ṣe wà láàrin omi méjì? Láti ọjọ́ pípẹ́ ni ìgbì òkun ti ń kó yanrìn jọ sí etí òkun. Omi tó ń ti òkè bọ̀, bí odò Yewa, kò rí ọ̀nà tààrà gbà dé òkun mọ́. Ó tẹ́ sẹ́yìn yanrìn, ó di ọ̀sà.

Ọ̀sà máa ń parọ́rọ́, ọkọ̀ àjẹ̀ lè rìn lórí rẹ̀. Ìgbì òkun le ní tirẹ̀. Nígbà òwò ẹrú, ọkọ̀ ńlá àwọn Òyìnbó kò lè sún mọ́ etíkun, ọ̀ọ́kán ni wọ́n ń dúró sí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kó àwọn ẹrú gba ọ̀sà kọjá, tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ rin Gberefu já, kí wọ́n tó tún kó wọn sínú ọkọ̀ mìíràn la ìgbì lọ. Ọ̀nà yìí kan náà ni afinimọ̀nà ń mú àlejò tọ̀ lónìí. Ẹni tó ka ìtàn náà nínú ìwé nìkan kò lè mọ bí yanrìn ibẹ̀ ti ń fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn tó.

Inú ìlú ni àwọn afinimọ̀nà ti sábà ń bẹ̀rẹ̀ ìrìn náà. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí àwọn ajíhìnrere CMS parí ní 1845 wà níbẹ̀. Ẹ̀wọ̀n irin tí wọ́n fi ń de ẹrú wà nílé ìdílé Mobee. Ṣùgbọ́n ilé Williams Abass ni kí ẹ pẹ́ sí jù. Wọ́n ta Abass lẹ́rú lọ́mọdé, ó dé Brazil, ó padà wálé, òun náà sì di oníṣòwò ẹrú. Ó di olóyè ńlá kó tó kú ní 1919. Èmi ò tíì rí ẹni tó gbọ́ ìtàn yìí tí kò bi afinimọ̀nà ní ìbéèrè.

Kànga kan wà ní Gberefu. Wọ́n ní ẹrú tó bá mu omi rẹ̀ á gbàgbé ilé. Ìtàn àtẹnudẹ́nu nìyẹn. Ẹ̀wọ̀n irin ní tirẹ̀, ojú la fi rí i. Afinimọ̀nà tó mọṣẹ́ á ya èyí tó gbọ́ lẹ́nu àgbà sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó wà nínú àkọsílẹ̀. Bí kò bá yà á, ẹ bi í.

Bí ẹ bá fẹ́ wọ ọkọ̀ kọjá sí Gberefu, ẹ wọ jákẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kéèyàn rì, kódà bí ẹ bá mọ̀ ọ́n wẹ̀. Ẹ má dìde dúró nínú ọkọ̀. Ẹ má sì wẹ̀ nínú òkun ní Gberefu rárá. Owó àlọ àti àbọ̀ ni kí ẹ bá ọlọ́kọ̀ sọ ní èbúté, kí ẹ tó wọnú ọkọ̀ jókòó.