Ìmọ̀ràn Ìlera: Ọmọ Tó Ń Gba Ínsúlíìnì Nínú Ààwẹ̀ Ramadan

ÌBÉÈRÈ: Dókítà, ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún 14, ní ìtọ̀ ṣúgà. Àràárọ̀ àti alaalẹ́ ló ń gba abẹ́rẹ́ ínsúlíìnì. Ó ti yarí pé òun á gba ààwẹ̀ bí àwọn ẹgbẹ́ òun. Àwọn kan ní abẹ́rẹ́ á ba ààwẹ̀ jẹ́, pé kó pa á tì títí oṣù á fi parí. Kí ni kí n ṣe? – Ìyá ọlọ́mọ, Gánájà, Lọ́kọ́jà.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, Ìyá wa. Mo bẹ̀ yín, ì báà gba ààwẹ̀, ì báà má gbà á, kò gbọdọ̀ pa ínsúlíìnì tì. Irú ìtọ̀ ṣúgà tó sábà ń mú ọmọdé kì í jẹ́ kí ara wọn pèsè ínsúlíìnì mọ́. Bí abẹ́rẹ́ bá dúró, ásíìdì á kó sínú ẹ̀jẹ̀. Ọmọ á máa bì, á máa mí gúlegúle, ó sì lè kú láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ọmọ ọdún 14 bíi tiyín, Leonard Thompson, ni wọ́n kọ́kọ́ fi ínsúlíìnì tọ́jú, ní Toronto, lóṣù January 1922. Ṣáájú ìgbà náà, ọmọdé tó bá ní àìsàn yìí kì í pẹ́ láyé.

Abẹ́rẹ́ yìí kì í ṣe oúnjẹ. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ Ìsìláàmù gbà pé òun àti gígún ìka láti yẹ ṣúgà wò kì í ba ààwẹ̀ jẹ́.

Ní ti ààwẹ̀ fúnra rẹ̀, ewu ń bẹ. Ìwádìí EPIDIAR, tí wọ́n ṣe ní orílẹ̀-èdè 13 lọ́dún 2001, fi hàn pé ṣúgà tó ń já wálẹ̀ débi pé a gbé aláìsàn lọ sílé ìwòsàn ju ìlọ́po mẹ́rin lọ nínú Ramadan, láàárín àwọn tó ní irú ìtọ̀ ṣúgà yìí. Súratul Bákárà, áyà 184 àti 185, sì ti yọ̀ǹda fún aláìsàn pé kó má gba ààwẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 ṣáájú ààwẹ̀, ẹ mú un lọ rí dókítà rẹ̀, bí àpẹẹrẹ ní Federal Teaching Hospital, Lọ́kọ́jà. Bí dókítà bá gbà, òun ló máa sọ iye abẹ́rẹ́ tuntun. Ẹ má fúnra yín dín in kù. Iye tó ń gbà láàárọ̀ tẹ́lẹ̀ lè pọ̀ jù fún sàárì, kí ṣúgà sì já wálẹ̀ lọ́sàn-án. Kó máa yẹ ṣúgà wò ní sàárì, ní ìyálẹ̀ta, lọ́sàn-án, nírọ̀lẹ́ àti lẹ́yìn ìṣínu. Bó bá wá sí ìsàlẹ̀ 70 mg/dL tàbí tó kọjá 300 mg/dL, tàbí tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n, tí òógùn ń bò ó, tí òòyì ń kọ́ ọ, kó ṣínu lójú ẹsẹ̀, bí ìrun Màgáríbì ò bá tiẹ̀ ju ìṣẹ́jú márùn-ún mọ́. Bí ṣúgà bá já wálẹ̀, kó mu ìdajì ife ọtí ẹlẹ́rìndòdò, kó tún un yẹ̀ wò lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15.

ÌBÉÈRÈ: Iná kì í dúró lọ́dọ̀ wa, ooru sì mú. Níbo ni kí n máa tọ́jú ínsúlíìnì sí? – Bàbá kan, Gánájà.

ÌDÁHÙN: Èyí tí ẹ kò tíì ṣí, inú firíìjì ni, kó má dì, èyí tó bá ti dì, ẹ dà á nù. Èyí tí ẹ ti ṣí sábà máa ń lo ọjọ́ 28 bí ooru kò bá kọjá 30°C, ṣùgbọ́n ọ̀sán Lọ́kọ́jà ń kọjá bẹ́ẹ̀. Ẹ ki ìkòkò amọ̀ kékeré bọ inú ńlá, ẹ fi iyanrìn tútù sí àárín wọn, ẹ di oògùn náà sínú ọ̀rá, ẹ gbé e sínú ìkòkò kékeré náà, ẹ fi aṣọ tútù bo ìkòkò níbi òjìji tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Ẹ má sì gbàgbé pé omíyalé gé ọ̀nà Gánájà lọ́dún 2012 àti 2022: ẹ ra oògùn sílẹ̀ kí odò tó kún.

Ẹ̀yin òbí, ẹ tètè lọ rí dókítà kí oṣù tó lé.