Bèèrè Kí O Tó Fún Ọmọ Ní Oúnjẹ



Nínú ẹ̀kọ́ ìlera àti ìmọ́tótó ti oṣù yìí, a fẹ́ yanjú ọ̀rọ̀ kan tí àwọn òbí máa ń gbé wá bá wa lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀: ọmọ kékeré tí oúnjẹ tí gbogbo ilé ń jẹ ń ṣe ní jàǹbá. Òbí kan a ní ẹ̀pà ni, òmíràn a ní ẹyin tàbí edé. Àléjì ni àwọn oníṣègùn ń pè é. Kókó ẹ̀kọ́ wa kò ju ẹyọ kan lọ: ọmọ bẹ́ẹ̀ kò tíì lè ṣọ́ ara rẹ̀, ìyá rẹ̀ nìkan kò sì lè ṣọ́ ọ tán. Ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ na oúnjẹ sí ọmọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bèèrè.

Kí ni àléjì oúnjẹ?

Ọlọ́hun dá àwọn ohun kan sínú ara wa tí ń bá àrùn jà bí ọmọ ogun. Nínú ara ọmọ tí ó ní àléjì, àwọn ọmọ ogun yìí ṣi oúnjẹ mú fún ọ̀tá. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ sí wákàtí 2 lẹ́yìn tí ó jẹ ẹ́, ara rẹ̀ lè máa yún un, kí ó sì lé bí ẹni tí kòkòrò ta. Ètè tàbí ojú rẹ̀ lè wú, inú lè máa run ún, ó sì lè máa bì. Èyí tí ó burú jù ni kí ọ̀fun wú, kí mímí nira, kí ó sì dákú. Èyí lè gba ẹ̀mí.

Àwọn oúnjẹ tí ó sábà máa ń fa èyí ni wàrà màálù, ẹyin, ẹ̀pà, kajú, ẹja, edé àti alákàn, àlìkámà, sóyà àti yánmọtí.

Àwọn kan ń pè é ní èèwọ̀ ìdílé. Àwọn mìíràn ní ayé ló ń bá ọmọ náà jà. Kì í ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì. Àìsàn ara ni, kò béèrè ètùtù, kò sì béèrè tírà. Àwọn kan tún ní kí a máa fún un díẹ̀díẹ̀ kí ó lè mọ́ ọn lára. Kí ẹnikẹ́ni má dán èyí wò nílé. Bí a óò bá ṣe irú rẹ̀, ojú dókítà ni a ti ń ṣe é, níbi tí oògùn pàjáwìrì wà nítòsí.

Oúnjẹ tí ó fara pamọ́

Òbí lè má gbé ẹ̀pà wọlé, kí ẹ̀pà sì wà nínú ohun tí ọmọ ń jẹ. Ó wà nínú kúlíkúlì, nínú dọ̀ǹkúà, nínú ata tí wọ́n fi ń ra sùúyà, àti nínú àwọn ìyẹ̀fun tí a ń pò fún ọmọdé láti inú àgbàdo, sóyà àti ẹ̀pà. Òróró ẹ̀pà tí a fún lábẹ́lé pẹ̀lú lè ṣe é ní jàǹbá. Mọ́ínmọ́ín lè ní ẹyin, ẹja tàbí edé nínú. Edé lílọ̀ wà nínú ọ̀pọ̀ ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ àti ẹ̀gúsí wa. Wàrà wà nínú bískíìtì, ṣín-ṣín àti oríṣi búrẹ́dì kan.

Yíyan ẹ̀pà tàbí dídín in kì í mú ewu rẹ̀ kúrò. Bí a bá fi epo tí a fi dín ẹja dín àkàrà, àkàrà náà kò ṣeé fún ọmọ tí ara rẹ̀ kò gba ẹja.

Nínú ilé

Ẹ jẹ́ kí ọmọ náà ní àwo àti ṣíbí tirẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ se oúnjẹ tirẹ̀ kí ọwọ́ tó kan èyí tí ó léwu. Bí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá jẹ ẹ̀pà, kí wọ́n fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kí wọ́n tó bá a ṣeré. Ẹ fi èyí sọ́kàn dáadáa: omi lásán kì í fi gbogbo ìgbà mú ẹ̀pà kúrò lọ́wọ́, gẹ́ẹ̀lì ìpakòkòrò náà kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, àlùwàlá tí ó tó fún ìrun kò tó fún èyí. Ọṣẹ àti omi ni.

Kí baba má fi ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ fún ìyá nìkan. Bí ìyá àgbà bá ń sọ pé, “Gbogbo ẹ̀yin ni mo fi ẹ̀pà tọ́,” ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ni kí ó kúnlẹ̀ bá a sọ ọ́, kí ìyàwó má baà dà bí ẹni tí kò fẹ́ kí ìyá ọkọ fọwọ́ kan ọmọ. Kí ó ní, “Màámi, òtítọ́ ni ẹ sọ, ṣùgbọ́n ara ti ọmọ yìí yàtọ̀. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá wa ṣọ́ ọ.” Ìyá àgbà tí a bá bẹ̀ láti ṣọ́ ọmọ máa ń di olùṣọ́ tí ó le jù nínú ilé.

Bákan náà, kí òbí má ṣe fi àròsọ yọ ẹyin, wàrà, ẹja àti ẹ̀wà kúrò lẹ́ẹ̀kan náà. Ọmọ yóò rù. Ẹ kọ ohun tí ó jẹ, àkókò tí ó jẹ ẹ́ àti ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sínú ìwé, kí ẹ sì gbé ìwé náà lọ bá dókítà. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí ara wọn kò gba wàrà tàbí ẹyin ni ó máa ń gbà á bí wọ́n ti ń dàgbà. Ti ẹ̀pà kò rí bẹ́ẹ̀: nǹkan bí ọmọ 1 nínú 5 ni ó máa ń bọ́ nínú rẹ̀. Dókítà ni yóò sọ bóyá àsìkò ti tó láti tún un wò.

Nílé-kéú, ní mọ́sálásí àti ní òde

Ibí ni ewu pọ̀ sí jù, nítorí ibí ni ọwọ́ tí ń fúnni pọ̀ sí. A ń pín sàárà ní Jímọ́ọ̀, a ń pín oúnjẹ ìṣínu nínú oṣù Ramadan, a ń pín jíjẹ mímu níbi ìsọmọlórúkọ àti wòlímọ̀. Ẹni tí ó ń fún ọmọ ní ẹ̀pà ń wá láádá ni, kò ní èrò ibi. Ṣùgbọ́n Yorùbá ní ojú méjì ní í bímọ, igba ojú ní í wò ó. Ìbéèrè kan péré, “Ṣé ó lè jẹ ẹ́?”, kì í dín láádá sàárà kù. Ara sàárà ni.

Kí òbí sọ fún àáfà ilé-kéú àti olùkọ́ iléèwé ní ojúkojú, kí ó sì fi ìwé lé e. Kí ó kọ́ ọmọ pé bí àgbàlagbà bá fún un ní nǹkan, kí ó kúnlẹ̀ tàbí kí ó dọ̀bálẹ̀, kí ó dúpẹ́, kí ó ní, “Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi màámi.” Kò rí àgbà fín, kò sì jẹ májèlé. Kí ìyá ní ìpápánu tirẹ̀ nínú báàgì tí yóò fi pààrọ̀, kí ọmọ má baà máa wo ẹnu àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Kò lòdì sí ẹ̀sìn láti yẹra fún oúnjẹ hàlálì

Àwọn kan ń sọ pé, “Ṣáà pe Bísímílà sí i, kò ní ṣe é ní nǹkan kan.” Ohun tí a fi ń bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ ni Bísímílà, kì í ṣe ohun tí a fi ń dán Ọlọ́hun wò. Nínú hádíìsì tí ó fẹsẹ̀ múlẹ̀, a gbọ́ pé wọ́n gbé ẹran dabb, ẹranko aṣálẹ̀ tí ó jọ alángbá ńlá, síwájú Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a). Kò jẹ ẹ́, ó sì ṣàlàyé pé kì í ṣe èèwọ̀. Oúnjẹ tí kò sí ní ilẹ̀ àwọn ènìyàn òun ni. Khalid ọmọ al-Walid sì jẹ ẹ́ lójú rẹ̀. Bí ènìyàn bá lè fi oúnjẹ hàlálì sílẹ̀ nítorí pé kò bá a lára mu, mélòó mélòó ni ọmọ tí ó lè pa?

Bí ó bá ṣẹlẹ̀

Bí ó bá jẹ́ ara yíyún àti lílé nìkan, oògùn àléjì tí dókítà tàbí apoògùn fún un lè ràn án lọ́wọ́. Kí a má sì gbé ojú kúrò lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ohùn rẹ̀ bá há, tí ó ń wúkọ́ tàbí tí mímí rẹ̀ ń dún bíi súfèé, tí ara rẹ̀ rọ̀ tàbí tí òòyì ń kọ́ ọ, oògùn oníhóró àti olómi kò lè gbà á là. Abẹ́rẹ́ adrenaline tí a gún sí ẹ̀gbẹ́ itan ni oògùn rẹ̀. Bí dókítà bá ti fún yín ní èyí tí ẹ óò máa mú kiri, ẹ lò ó lójú ẹsẹ̀, kí ẹ pe 112, kí ẹ sì gba ilé ìwòsàn lọ. Bí ẹ kò bá ní i, ilé ìwòsàn tí ó súnmọ́ jù ni, láìdúró.

Ẹ tẹ́ ọmọ sílẹ̀, kí ẹ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè. Bí mímí bá nira fún un, ẹ jẹ́ kí ó jókòó. Ẹ má jẹ́ kí ó dìde rìn. Ẹ má rọ epo pupa tàbí wàrà sí i lẹ́nu. Ó lè gba ọ̀nà òfuurufú lọ. Bí ara rẹ̀ bá tilẹ̀ balẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣọ́ ọ ní ilé ìwòsàn, nítorí ó lè tún padà lẹ́yìn wákàtí mélòó kan.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Oúnjẹ wo ni a máa ń pín fún àwọn ọmọdé ní mọ́sálásí wa, kí ni ó sì wà nínú rẹ̀?
2. Ta ni yóò máa bi àwọn òbí léèrè kí a tó pín in?
3. Ilé ìwòsàn wo ni ó súnmọ́ ilé-kéú wa jù, ta ni ó sì ní ọkọ̀?

Kí Ọlọ́hun dá àwọn ọmọ wa sí, kí Ó sì fi wá ṣe olùṣọ́ rere fún wọn. Āmīn.