Àpótí kọ̀ǹpútà kékeré fún pálọ̀: ẹ wọn àyè kí ẹ tó sanwó

Ẹ̀yin tó wà ní Kétu, ní Ṣábẹ̀, ní Pobè, ní Sakété títí dé Àjàṣẹ́, mo kí yín. Ẹ̀yin tó ń kà á nínú ìwé lẹ́yìn tí ètò ti lọ, mo kí ẹ̀yin náà. Ẹ mú bíìkì àti ìwé kékeré kan, torí nọ́ńbà pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ tòní. Ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ tíṣà ni mo kọ́, ẹ ò sì ní lọ láìgba iṣẹ́ àṣetiléwá.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀gbọ́n wa obìnrin kan tó ń ránṣọ ní Kétu pè wá. Ó ní òun ti kó àjọ. Ó fẹ́ ra kọ̀ǹpútà kékeré tí yóò wà lábẹ́ tẹlifíṣọ̀n ní pálọ̀, kí àwọn ọmọ lè máa wo fíìmù àti ẹ̀kọ́ iléèwé, kí òun náà sì máa wo fídíò Gẹ̀lẹ̀dẹ́ àti ti ìgbéyàwó tí wọ́n ti gbà sílẹ̀. Ó ti rí àpótí kan lọ́jà. Ó dúdú, ó ń dán, ó wù ú. Ó wá bi mí pé: "Àbúrò mi, ṣé kí n sanwó ẹ̀?"

Mo ní: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná. Téèpù tí ẹ fi ń wọn aṣọ dà?"

Ìdí tí mo fi béèrè téèpù ni ẹ̀kọ́ wa tòní.

Ohun tó ṣe mí rí

Nígbà tí mo kọ́kọ́ ra irú àpótí yìí, ẹwà rẹ̀ nìkan ni mo wò. Pẹlẹbẹ ló rí. Mo gbé e sínú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì lábẹ́ tẹlifíṣọ̀n, mo ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa kí ọmọdé má bàa fọwọ́ kàn án. Inú mi dùn. Ṣùgbọ́n tí fíìmù bá ti tó bí ogójì ìṣẹ́jú, kọ̀ǹpútà á kàn pa ara rẹ̀. Mo ní iná ni. Mo tún tàn án, ó tún pa. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bá a lọ títí ọyẹ́ fi dé. Ní ọjọ́ kan, ó tàn, ṣùgbọ́n dísìkì inú rẹ̀ kò dáhùn mọ́.

Ẹ̀yin èèyàn mi, nínú dísìkì yẹn ni ohùn bàbá mi wà. Níbi ìdána àbúrò mi ni wọ́n ti gbà á sílẹ̀, tí wọ́n ń súre fún ọmọ wọn. Bàbá ti lọ. Ìṣẹ́jú mẹ́rin péré la rí gbà padà, torí pé àǹtí mi kan ti fi sórí fóònù wọn. Nígbà tí atúnṣe ṣí àpótí náà, ó fi hàn mí: dísìkì jókòó gangan lórí ibi tí ooru ti ń jáde, eruku sì ti dí gbogbo ihò. Iná kọ́ ló ṣe mí. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi ra ààrò fún un.

Torí náà, kí ẹ tó ra àpótí, ẹ gbọ́ nǹkan mẹ́fà yìí.

Ìkíní: ibi tí yóò jókòó ni kí ẹ kọ́kọ́ wọ̀n

Ẹ má tíì wọn àpótí. Ẹ wọn ìbú ibẹ̀, ẹ wọn gíga rẹ̀, ẹ wọn bó ṣe jìn tó láti iwájú dé ògiri. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ ti afẹ́fẹ́ àti ti wáyà kúrò. Èmi máa ń fi 10 sẹ̀ǹtímítà sílẹ̀ lẹ́yìn, 5 lókè, àti 5 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Orí wáyà iná àti ti HDMI tó lọ sínú tẹlifíṣọ̀n máa ń yọ síta lẹ́yìn, wọn kì í sì í fẹ́ kí a ṣẹ́ wọn. Ohun tó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn ìyọkúrò yìí ni ìwọ̀n àpótí yín. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, ẹ mú un lọ sọ́jà.

Ìkejì: ìwọ̀n pátákó tó máa wọ inú rẹ̀

Nínú gbogbo kọ̀ǹpútà irú èyí, pátákó fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan wà tí gbogbo nǹkan yòókù so mọ́. Carte mère ni àwọn atúnṣe wa ń pè é. Ìwọ̀n mẹ́ta ló wọ́pọ̀. Èyí tó tóbi, ATX, jẹ́ 30.5 sẹ̀ǹtímítà ní gígùn, 24.4 ní ìbú. Micro-ATX ò ju 24.4 sí 24.4 lọ. Èyí tó kéré, Mini-ITX, jẹ́ 17 sí 17.

Àgbà ní ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Pátákó kékeré lè wọ àpótí ńlá, ṣùgbọ́n ńlá kò lè wọ kékeré láéláé. Tí ẹ bá ti ní pátákó nílé, ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó jáde. Tí ẹ kò bá tíì ní nǹkan kan, tó sì jẹ́ pé fún pálọ̀ lẹ fẹ́ ẹ, Mini-ITX ló máa ń bá ibẹ̀ mu jù.

Ẹ ṣọ́ra fún àpótí tòkunbọ̀ tí wọ́n tú kúrò lára kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì. Àwọn ilé iṣẹ́ kan máa ń ṣe pátákó àti ẹ̀rọ iná tiwọn lọ́tọ̀, ihò ìdè rẹ̀ kì í sì í bá ti ẹlòmíì mu. Owó rẹ̀ lè dín, ṣùgbọ́n tí kò bá gba nǹkan yín, páànù lásán lẹ rà.

Ìkẹta: gíga inú rẹ̀

Ibí yìí lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Àpótí lè gba pátákó, kó má gba ohun tó wà lórí pátákó. Lórí ọpọlọ kọ̀ǹpútà, irin kan wà tó ń fa ooru, fáànù sì wà lórí irin náà. Ẹ béèrè pé: mélòó ni gíga tí àpótí yìí lè gbà níbẹ̀? Ẹ wọn ti yín. Tí ẹ bá fẹ́ fi káàdì àwòrán sí i, káàdì gbogboògbò ga tó nǹkan bíi 12 sẹ̀ǹtímítà, àpótí pẹlẹbẹ kì í sábà gbà á. Káàdì kúkúrú tó tó nǹkan bíi 8 ló máa ń gbà.

Ẹ̀rọ tó ń gba iná wọlé náà ní ìwọ̀n tirẹ̀. ATX gbogboògbò fẹ̀ tó 15 sẹ̀ǹtímítà, ó ga ní 8.6. Èyí tó kéré, SFX, fẹ̀ ní 12.5, ó ga ní nǹkan bíi 6.4. Àwọn àpótí kan tún wà tó jẹ́ pé ìta ni ẹ̀rọ iná wọn ń wà, bíi ti kọ̀ǹpútà alágbèéká. Ìyẹn dára fún pálọ̀, torí apá kan ooru ti dúró síta.

Ìkẹrin: ooru àti ọ̀nà afẹ́fẹ́

Ẹ̀yin ìyá wa tó ń yan ẹja mọ̀ ọ́n: tí ẹ bá bo ààrò, ooru ò níbi tó máa gbà. Bẹ́ẹ̀ náà ni kọ̀ǹpútà. Gílóòbù àtijọ́ oní-60 wáàtì, ta ló lè fọwọ́ dì í mú? Ọ̀pọ̀ ọpọlọ kọ̀ǹpútà orí tábìlì jẹ́ oní-65 wáàtì. Ẹ wá fi ìyẹn sínú àpótí tó tín-ínrín, kẹ́ ẹ ti ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù mọ́ ọn. Àwọn kan wà tó jẹ́ 35 wáàtì, bẹ́ẹ̀ ni Intel N100 jẹ́ 6 wáàtì péré. Fún fíìmù àti fídíò, ẹ kò nílò ooru púpọ̀.

Ẹ wo ara àpótí: ihò wà níbi tí afẹ́fẹ́ tútù máa gbà wọlé, àbí kò sí? Ibo ni èyí tó gbóná máa gbà jáde? Ooru a máa lọ sókè, nítorí náà ihò òkè tàbí ti ẹ̀yìn ṣe pàtàkì. Fáànù ńlá oní-12 sẹ̀ǹtímítà kò nílò kó sáré kó tó fẹ́ afẹ́fẹ́ tó, ìdí nìyẹn tí ariwo rẹ̀ fi kéré. Fáànù tíńtín ní láti sáré gidi, á sì máa hu bí ẹ̀fọn nígbà tí ẹ bá ń gbọ́ ọ̀rọ̀ nínú fíìmù.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tẹ́ aṣọ olówùú tí a fi ọwọ́ hun sábẹ́ rẹ̀, ẹ má dà á bò ó lórí. Mo mọ̀ pé ó máa ń mú pálọ̀ dára. Ẹ tẹ́ ẹ sórí tábìlì àlejò. Ẹ má gbé ìkòkò òdòdó olómi sórí rẹ̀ náà.

Ìkarùn-ún: eruku ọyẹ́

Ọyẹ́ ilẹ̀ wa kì í mọ ilẹ̀kùn. Ẹ ra àpótí tí asẹ́ wà lẹ́nu ihò rẹ̀, èyí tí ẹ lè fi ọwọ́ yọ láìwá atúnṣe. Nígbà ọyẹ́, ẹ yọ ọ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, ẹ fọ̀ ọ́ lómi, ẹ jẹ́ kó gbẹ pátápátá kí ẹ tó dá a padà.

Tí ẹ bá fẹ́ gbọn eruku inú rẹ̀, ẹ yọ wáyà kúrò lára iná, ẹ gbé e síta, ẹ fi aṣọ bo imú. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ gbá a, kẹ́ ẹ sì fi ìka di fáànù mú kó má yí. Ẹ má ṣe é ní pálọ̀ níbi tí ọmọdé wà, pàápàá ọmọ tó ní ikọ́ fée. Eruku tó kúrò lára ẹ̀rọ tó wọ àyà ọmọ, kí la fi ṣe?

Ìkẹfà: iná

Èyí ni kí ẹ fa ìlà sí nídìí. Iná ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ jẹ́ 220 fóòtì. Ọjà tó ti Amẹ́ríkà bọ̀ lè ní bọ́tìnnì pupa kékeré lẹ́yìn, nítòsí ibi tí wáyà ń wọ̀, tí wọ́n kọ 115 àti 230 sí. Tó bá wà lórí 115 tí ẹ fi í síná níbí, ẹ ó gbọ́ "pàá!", owó ti lọ nìyẹn. Kí wáyà tó kan iná rárá ni kí ẹ ti yí i sí 230. Tí kò bá sí bọ́tìnnì, ẹ ka ìwé ara rẹ̀: tí wọ́n bá kọ 100-240, kò sí wàhálà.

Èyí tó gba ẹnubodè Ìgòlò wọlé láti Nàìjíríà sábà máa ń ní ẹnu wáyà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta pẹlẹbẹ, ojú iná tiwa sì jẹ́ ihò róbótó. Ẹ má gé orí rẹ̀ kí ẹ ki wáyà lásán bọ ihò. Ẹ ra wáyà tó bá ojú iná wa mu, èyí tó gba wáyà ilẹ̀. Àpótí irin tí kò ní wáyà ilẹ̀ lè máa ta èèyàn lọ́wọ́. Tó bá ti ń ta yín, ẹ pa á, ẹ pe oníná.

Ẹ̀rọ iná inú rẹ̀, ẹ má ṣí i láéláé. Kódà tí ẹ bá ti yọ wáyà, iná ṣì lè wà nínú rẹ̀ tó lè ṣe èèyàn ní jàǹbá.

Tí ẹ bá dé ọjà

Ẹ ní kí olùtajà tàn án. Kó fi fíìmù sí i fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kẹ́ ẹ jókòó. Ẹ gbé ọwọ́ lé e lórí. Tó bá lọ́wọ́ọ́rọ́, kò burú. Tí ẹ bá ní láti yára mú ọwọ́ kúrò, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ tẹ́tí sí fáànù rẹ̀. Ẹ wo iwájú rẹ̀ bóyá ihò USB wà níbẹ̀, kẹ́ ẹ má baà máa wá ẹ̀yìn rẹ̀ kiri nínú òkùnkùn. Tí rìmóòtù rẹ̀ bá jẹ́ oní-ìmọ́lẹ̀, kò lè gba inú pákó kọjá, ẹ má gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Olùtajà tó bá ní òun ò lè tàn án, ẹ kí i, kẹ́ ẹ máa lọ.

Kí n sì sọ òótọ́ fún yín: kì í ṣe gbogbo ilé ló nílò àpótí. Tó bá jẹ́ fíìmù nìkan lẹ fẹ́ wò, tẹlifíṣọ̀n yín lè ti ní ihò USB tó ń ka fídíò. Ẹ dán an wò kí ẹ tó ná owó àjọ. Kọ̀ǹpútà kékeré tí wọ́n ti tò pọ̀ láti ilé iṣẹ́ náà wà, tí kò fẹ̀ ju àwo oúnjẹ lọ. Ẹni tó bá fẹ́ máa pààrọ̀ nǹkan inú rẹ̀, tó sì fẹ́ dísìkì ńlá fún fídíò ẹbí, òun ni àpótí wúlò fún jù.

Ẹ̀gbọ́n wa aránṣọ ńkọ́? Wọ́n wọn ibẹ̀ nígbà tí a ṣì ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ó jìn ní 38 sẹ̀ǹtímítà. Tí a bá yọ 10, ó ku 28. Wọ́n padà sọ́jà, wọ́n wọn àpótí tó ń dán yẹn: 36. Yóò wọlé o, ṣùgbọ́n wáyà ò ní rí ibi gbà, afẹ́fẹ́ ò ní rí ọ̀nà. Wọ́n ní: "Àbúrò mi, téèpù mi ti gba owó àjọ mi là." Wọ́n ṣì ń wá èyí tó bá ibẹ̀ mu. Kò sí ìkánjú.

Iṣẹ́ àṣetiléwá

Ẹ dáhùn ìbéèrè mẹ́ta yìí sínú ìwé. Mélòó ni àyè tó kù ní pálọ̀ yín lẹ́yìn tí ẹ bá yọ ti afẹ́fẹ́? Kí ni wọ́n kọ sára ẹ̀rọ iná kọ̀ǹpútà tó wà nílé yín? Ẹ̀kẹta ló ṣe pàtàkì jù fún mi: fídíò àwọn òbí yín tí ẹ kò lè rí rà lọ́jà mọ́, ibi mélòó ló wà? Tó bá jẹ́ ibì kan ṣoṣo, ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sí ibòmíì lónìí, kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ má dúró de ọ̀la bíi tèmi.

Ọjà á tà o, ẹ ó kó èrè délé. Ó di ọjọ́ ọjà mìíràn.